Tí ìmọ̀lára bá ń ju agbára ẹni lọ: ohun tó ń fà á, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, àti iṣẹ́ tí tẹ́rápì ń ṣe níbẹ̀

Gbogbo èèyàn ló ń bínú, gbogbo èèyàn ló ń sunkún, kò sì sẹ́ni tí ẹ̀rù kì í bà, ìyẹn ò ní àìsàn nínú rárá. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kàn dùn wọ́n díẹ̀ kó sì lọ, ṣe ló máa gba odidi ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á jágbe mọ́ èèyàn, wọ́n á gbá ilẹ̀kùn dé gbàgà, wọ́n á fi mẹ́sẹ́jì tí wọ́n máa kábàámọ̀ ránṣẹ́, tí ara wọn bá wá balẹ̀ tán ojú á tì wọ́n, ìtìjú yẹn náà á tún di ìbínú míì, bó ṣe máa ń yí po nìyẹn. Òun làwọn dókítà ń pè ní emotional dysregulation. Ìmọ̀lára dé, àmọ́ agbára láti rọ̀ ọ́ lójú tàbí láti darí ẹ̀ síbi tó yẹ ò tó.

Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, pé sùúrù ni baba ìwà. Òótọ́ ni o, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ wọn kì í sọ béèyàn ṣe ń rí sùúrù ọ̀hún mú nígbà tí àyà bá ń lù kìkìkì, tọ́wọ́ ń gbọ̀n, tí ojú sì ti ṣú. Tèmi ni pé nǹkan tó ṣeé kọ́ ni, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ara ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìrònú. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò: bó ṣe tètè ń bẹ̀rẹ̀ sí, bó ṣe ń ga tó, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó wálẹ̀. Marsha Linehan, saikọ́lọ́jísìtì (onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá) ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní University of Washington, ló fi nǹkan mẹ́ta yìí ṣàlàyé ẹ̀, ìyẹn ẹni tí nǹkan tètè ń kàn lára, tó ń kàn lára gan-an, tí ara ẹ̀ kì í sì í tètè balẹ̀ padà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn làwọn èèyàn máa ń gbójú fò. Tí ara ò bá tíì balẹ̀ látàárọ̀, tí nǹkan kékeré míì bá dé lọ́sàn-án, orí èyí tó wà nílẹ̀ ló máa gùn, àwọn tó wà nítòsí á wá máa sọ pé kí ló ṣe é torí ṣíbí lásán.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pariwo o. Àwọn míì, tó bá ti kọjá agbára wọn, ṣe ni wọ́n máa dákẹ́ rọ́rọ́, ojú wọn á dà bíi pé wọn ò sí níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kí ló dé wọ́n á ní kò sí, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ torí wọn ò mọ nǹkan kan lára lásìkò yẹn. Ìṣòro kan náà ni. Àwọn tó ń dákẹ́ yìí gan-an ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí ìrànlọ́wọ́, torí wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Kò sí àìsàn kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ emotional dysregulation nínú ìwé táwọn dókítà ọpọlọ fi ń yẹ àìsàn wò, ohun tó máa ń wà nínú oríṣiríṣi àìsàn ni: ADHD (tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀), borderline personality disorder (tí kì í jẹ́ kí ìmọ̀lára àti àárín ẹni pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì dúró sójú kan), PTSD tó máa ń tẹ̀ lé nǹkan burúkú tójú rí, bipolar (tí ọkàn máa ń ga gan-an nígbà kan, tó sì máa ń wálẹ̀ gan-an nígbà míì), ìdààmú ọkàn, autism (tí ọpọlọ fi ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré), ó sì lè tẹ̀ lé orí tó fara gbọgbẹ́. Ẹlòmíì náà wà tí ò ní ìkankan nínú ẹ̀ tó ṣì ń ní wàhálà yìí. Torí náà ẹ má kàn wo fídíò oníṣẹ́jú kan lórí fóònù kẹ́ ẹ wá fún ara yín lórúkọ àìsàn.

Ohun tó ń fà á

Nínú ọpọlọ, ibì kékeré kan wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lọ́hùn-ún nínú, tí wọ́n ń pè ní amygdala, ó máa ń yára mọ̀ tí ewu bá wà. Níwájú, lẹ́yìn egungun iwájú orí, prefrontal cortex ló wà níbẹ̀, òun ló ń sọ pé dúró ná, jẹ́ ká wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ yára ju ẹnì kejì lọ, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ náà, torí tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lójijì kò sáyè ìrònú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò mọ ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti ọ̀gá tó lejú, ọ̀nà kan náà ló máa ń gbà dá ara lóhùn, àyà á máa lù, èémí á kúrú, iṣan á le. Apá iwájú yẹn sì máa ń pẹ́ gbó, èèyàn á tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25 kó tó gbó tán, ẹ rántí ìyẹn nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń bá ọmọ ọdún 15 jà.

Linehan ní nǹkan méjì ló máa ń pàdé. Àkọ́kọ́ ni àbínibí, àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn ti máa ń gba nǹkan sí láti kékeré. Ìkejì ni ibi tí wọ́n dàgbà sí, níbi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, èsì tí wọ́n ń gbọ́ ni kí lẹkún nínú ìyẹn, o ti ń ṣàṣejù, wò ó àwọn ẹgbẹ́ ẹ ò ṣe báyìí. Ọmọ tó ń gbọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe é, á kàn rí i pé tóun bá rọra sọ ọ́ wọn ò ní dá òun lóhùn, àmọ́ tóun bá figbe ta, tàbí tóun bá lu orí mọ́ ògiri, gbogbo ilé á dìde. Ohun tó kọ́ nìyẹn, òun náà ló sì máa gbé dàgbà. Mi ò sọ pé òbí burúkú ni wọ́n o, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn ọmọ wọn dókè, bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà ni. Àmọ́ níbi tí ìlùkulù tàbí ìfipábánilòpọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá àìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Kẹ́ ẹ tó lọ rí ẹnikẹ́ni, ẹ wá ìwé kékeré kan tàbí ẹ lo fóònù. Gbogbo ìgbà tí ìmọ̀lára bá ga, ẹ kọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bó ṣe ga tó láti 0 dé 10, ohun tẹ́ ẹ rí lára yín, àti ohun tẹ́ ẹ ṣe. Lábẹ́ ẹ̀, wákàtí mélòó lẹ sùn lálẹ́ àná, ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn, ṣé ẹ mu ọtí, àwọn obìnrin á kọ ibi tí nǹkan oṣù wọn dé. Ẹ má ṣàlàyé jù, ẹ má dá ara yín lẹ́jọ́ nínú ẹ̀, ìlà mẹ́rin ti tó.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ eléyìí ni pé tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú tẹ́rápísìtì, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú èèyàn, tó bá bi yín pé báwo ni ọ̀sẹ̀ yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan lẹ máa rántí. Ìwé yẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé bóyá alẹ́ ọjọ́ Sunday ló máa ń burú jù, tàbí pé gbogbo ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ara kẹ́ ẹ tó wo ọkàn

Oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́dún 2007, Matthew Walker, onímọ̀ nípa oorun, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí yẹ ọpọlọ àwọn èèyàn tí ò sùn fún nǹkan bíi wákàtí 35 wò, wọ́n fi àwòrán tó ń bani nínú jẹ́ hàn wọ́n, amygdala wọn fi ohun tó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ta ju tàwọn tó sùn, okùn tó so ó mọ́ prefrontal cortex náà sì dẹ̀. Ara wọn le dáadáa kí wọ́n tó wá, oorun nìkan ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Torí náà ẹni tó ń sun wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin tó wá ń bínú sí ara ẹ̀ pé òun ò lè kó ara òun níjàánu, ó yẹ kó kọ́kọ́ wá bó ṣe máa sùn.

Ọtí ńkọ́? Ó máa ń dà bíi pé ó ń tu ara lálẹ́, àmọ́ ó ń ba oorun jẹ́, ọjọ́ kejì á tún wá burú. Ẹ tún lọ rí dókítà kó yẹ thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lọ́rùn, wò, torí tó bá ń ṣiṣẹ́ jù ó lè mú kéèyàn máa kanra, kí ọkàn ẹ̀ má balẹ̀. Àwọn oògùn kan wà tó ń da ìṣesí rú, irú bíi prednisone tí wọ́n fi ń dín ara wíwú kù. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù ló máa ń le, tó sì máa ń lọ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé, ẹ sọ fún dókítà bẹ́ẹ̀, ó ní ìtọ́jú tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nígbà tó bá ti ga

Tó bá ti dé 8 tàbí 9, ẹ má bá ara yín rojọ́. Apá ọpọlọ tó ń gbọ́ àlàyé ò sí lórí ìjókòó lásìkò yẹn. Ara lẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Omi tútù ló yára jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ẹ bu omi tútù sínú abọ́, ẹ di èémí mú, ẹ tẹ ojú bọ̀ ọ́, láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30. Tẹ́ ẹ ò bá sí nílé, aṣọ tẹ́ ẹ ti rì sómi tútù, kẹ́ ẹ fi bo ojú àti òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ sì tẹrí ba. Tí omi tútù bá kan ojú béèyàn ṣe di èémí mú, ara máa rò pé ó ti rì sínú odò, ọkàn tó ń lù á dín ìlù kù fúnra ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹranko inú omi nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn, ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù, tàbí ẹni tí kì í jẹun torí kó lè rù, kó bi dókítà kó tó ṣe é.

Tí omi ò bá sí, èémí wà. Ẹ fà á sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4, ẹ tú u jáde fún 6, ìyẹn á jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ máa bá a lọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó ń jáde ló gbọ́dọ̀ gùn jù, torí ìgbà tá a bá ń tú u jáde ni ọkàn máa ń rọra lù. Àwọn tí ara wọn bá ń gbóná tí wọn ò lè jókòó, kí wọ́n yára gun àtẹ̀gùn lọ bọ̀, tàbí kí wọ́n fò sókè sódò títí wọ́n á fi mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń kú sára ní tiẹ̀, èémí rírọra lè má ràn án lọ́wọ́, ìrìn àti nǹkan tó tutù lọ́wọ́ ló dáa fún un, kó máa wo nǹkan tó wà nítòsí kó máa pè é lórúkọ sókè.

Òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀: ẹ má fi mẹ́sẹ́jì ránṣẹ́, ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má lé ẹnikẹ́ni jáde, títí tó fi máa wálẹ̀ sí 4. Ẹ gbé fóònù sí yàrá míì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pe ohun tó ń ṣe yín lórúkọ

Ìwádìí kan wà tí Matthew Lieberman ti UCLA (yunifásítì kan ní Los Angeles) àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 2007, wọ́n ní káwọn èèyàn wo àwòrán ojú ẹni tó ń bínú tàbí tẹ́rù ń bà, kí wọ́n sì yan ọ̀rọ̀ tó bá ìmọ̀lára yẹn mu. Bí wọ́n ṣe ń pè é lórúkọ ni amygdala wọn ń rọlẹ̀, tí apá kan níwájú ọpọlọ sì ń ṣiṣẹ́ sí i. Pípè é lórúkọ lásán o.

Àmọ́ orúkọ gidi ni kẹ́ ẹ pè é. "Inú mi ò dùn" ò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé inú ń bí yín ni, àbí ojú ń tì yín? Ṣé àyà yín ń já, àbí ọkàn yín ò kàn balẹ̀? Ṣé ó ká yín lára, àbí ó ti sú yín? Ṣé owú ni? Wọn ò rí bákan náà lára, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò papọ̀. Ìbínú ń fẹ́ kẹ́ ẹ kọlu èèyàn, ìtìjú ń fẹ́ kẹ́ ẹ sá pamọ́, ẹ̀rù ń fẹ́ kẹ́ ẹ sá lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ pé inú ń bí yín, tẹ́ ẹ bá tún un wò, ẹ̀rù tàbí ìtìjú lẹ máa bá lábẹ́ ẹ̀. Inú bí bàbá kan sí ọmọ ẹ̀ tó pẹ́ wọlé, kò sọ fún ọmọ yẹn pé ẹ̀rù ló ba òun láti aago mẹ́jọ, ọmọ náà gbọ́ ariwo nìkan, ó lọ sùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu?

Tí ara bá ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ bi ara yín pé kí ni ojú mi rí, kí ni etí mi gbọ́, kí sì lèmi fi kún un. "Kò kí mi" lojú rí. "Ó ń fojú di mí" lẹ fi kún un. Tí ìmọ̀lára yín bá bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ yanjú, ẹ lọ sọ̀rọ̀, ẹ yí nǹkan padà. Tí kò bá bá a mu, tàbí tó bá ti pọ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ, ẹ ṣe òdìkejì ohun tó ń sọ fún yín. Tó bá ní kẹ́ ẹ sá pamọ́ torí ìtìjú tí ò nídìí, ẹ jáde, ẹ gbójú sókè. Tó bá ní kẹ́ ẹ kọlu èèyàn, ẹ rọra kúrò níbẹ̀, ẹ tú ọwọ́ tẹ́ ẹ dì. Ẹ ṣe é délẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá jáde àmọ́ tẹ́ ẹ doríkodò, ẹ ò tíì ṣe é.

Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń lù yín nílé, tàbí ó ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹ̀rù tó ń bà yín bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Ẹ má ṣe òdìkejì níbẹ̀. Ààbò lẹ máa wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tẹ́rápì

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ṣeé ṣe fúnra ẹni, mo mọ̀ pé ẹlòmíì á kà á á sì ní ó tó òun. Ó lè tó. Àmọ́ tí wàhálà yìí bá ti ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó ń ba àárín ẹni àti ọ̀rẹ́ jẹ́, tàbí tó ń mú kẹ́ ẹ ṣe ara yín léṣe, ẹ má dá a gbé.

Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni DBT, dialectical behavior therapy. Linehan ló gbé e kalẹ̀, ó tẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀ jáde ní 1993, àwọn obìnrin tó fẹ́ pa ara wọn léraléra ló kọ́kọ́ lò ó fún, lẹ́yìn náà ó wá tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Lọ́dún 2011 ó jáde sọ pé wọ́n ti dá òun náà dúró sí ilé ìwòsàn ọpọlọ rí nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ sí mi ni pé ẹni tó mọ bó ṣe ń rí lára ló ṣe é.

DBT tó pé ní nǹkan mẹ́rin nínú. Ẹ̀yin àti tẹ́rápísìtì á máa rí ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ á máa lọ sí kíláàsì níbi tí ẹ̀yin àtàwọn ẹlòmíì á ti máa kọ́ ẹ̀kọ́, bíi wákàtí méjì tàbí kó lé díẹ̀, ẹ máa gba iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ lè pe tẹ́rápísìtì láàárín ọ̀sẹ̀ tí nǹkan bá fẹ́ gbóná, kó sọ èyí tẹ́ ẹ máa lò. Àwọn tẹ́rápísìtì náà á máa pàdé láàárín ara wọn kó má bàa sú wọn. Ẹ̀kọ́ kíláàsì yẹn jẹ́ mẹ́rin: béèyàn ṣe ń wà lójú kan náà pẹ̀lú ohun tó ń ṣẹlẹ̀, béèyàn ṣe ń fara da ìgbà tó le láìdá kún un, béèyàn ṣe ń tọ́jú ìmọ̀lára, àti béèyàn ṣe ń béèrè nǹkan tàbí kọ nǹkan láìba àárín jẹ́. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló ń gbà kí wọ́n tó yí gbogbo ẹ̀ ká, wọ́n sì sábà máa ń tún un ṣe, ó di ọdún kan.

Tó bá jẹ́ pé ìrònú tó ń yára burú ló ń fà á, CBT (cognitive behavioral therapy) wà, tó ń kọ́ èèyàn láti yẹ ìrònú ẹ̀ wò, èyí tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ wá látọwọ́ Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960. Tó bá jẹ́ nǹkan burúkú tójú rí ló wà nídìí ẹ̀, EMDR (wọ́n ń rántí ohun náà bí ojú wọn ṣe ń tẹ̀ lé nǹkan tó ń lọ tó ń bọ̀) tàbí prolonged exposure (wọ́n ń rọra kojú ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù) ló máa wọ ibi tó ti ń ta. Tọ́mọdé bá ni, òbí ni wọ́n máa kọ́ jù, ó máa ń ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu, àwọn míì tiẹ̀ máa ń bínú, àmọ́ ẹni tó wà pẹ̀lú ọmọ láràárọ̀ ló lè yí nǹkan padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ hàn yín, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé wọ́n kàn ń jókòó sọ ìtàn ìgbà èwe. Ká ní Lágbájá fi mẹ́sẹ́jì ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀ láago méje alẹ́, ó rí i pé ọ̀rẹ́ ti kà á, kò dáhùn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, ó ti kọ mọ́kànlá, èyí tó gbẹ̀yìn ni "má pè mí mọ́ láyé ẹ". Ó wá dé ọ̀dọ̀ tẹ́rápísìtì, ó ní ọ̀rẹ́ òun ló bí òun nínú. Tẹ́rápísìtì ò ní bá a fa ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Oorun àná ńkọ́?" Wákàtí mẹ́ta. "Oúnjẹ?" Láti àárọ̀ ò tíì jẹ. "Níbi iṣẹ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọ̀gá bú òun lójú gbogbo èèyàn lọ́sàn-án. Ìtìjú ti wà nílẹ̀ láti aago méjì nìyẹn, ọ̀rẹ́ kàn bá a níbẹ̀ ni. "Nígbà tẹ́ ẹ rí i pé ó ti kà á, kí lọkàn yín sọ?" Pé òun náà ti rí i pé mi ò já mọ́ nǹkan kan. "Kẹ́ ẹ tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí lẹ rí lára yín?" Lágbájá ò mọ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀. Ó wá ní, "Etí mi gbóná."

Etí gbígbóná yẹn ni wọ́n ń wá. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò mọ̀ pé òun ló máa ń ṣáájú. Látọjọ́ yẹn, tí etí bá ti gbóná, fóònù á bọ́ sí yàrá kejì, omi tútù á dé ojú. Wọ́n á tún wo gbogbo ojú okùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan: ibo ni ì bá ti jẹun, ibo ni ì bá ti sọ fún ẹnì kan pé ojú ti mí lónìí, ibo ni ì bá ti bi ara ẹ̀ pé ṣé mo mọ ìdí tí ò fi dáhùn ni. Ó máa ń súni, ó sì máa ń dójú tini díẹ̀, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí tẹ́rápì ń ṣe, òun ni mo gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ jù.

Tẹ́ ẹ bá ń wá tẹ́rápísìtì, ẹ bi í ní ìbéèrè tààrà: ṣé ẹ ti tọ́jú irú èyí rí, ọ̀nà wo lẹ ń gbà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣé mo lè pè yín láàárín ọ̀sẹ̀? Ẹni tó bá mọṣẹ́ ò ní bínú sí i. Ẹ bi í pé àwọn ọ̀rọ̀ wo ló máa fi pa mọ́, èwo ló lè mú kó sọ fún ẹlòmíì, torí tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu, ó lè pọn dandan kó sọ ọ́. Ẹ fún un ní ìgbà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ó ń dá yín lẹ́jọ́ tàbí pé ẹ̀ ń tẹ́tí sí ìtàn tiẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Oògùn ńkọ́? Kò sí oògùn kan tí wọ́n ṣe fún ìmọ̀lára tó ń ju agbára ẹni lọ ní tààrà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni oògùn ń tọ́jú, bíi ADHD, bipolar tàbí ìdààmú ọkàn. Fún àwọn kan ó máa ń ṣe ìyàtọ̀ tó pọ̀, torí náà ẹ má sọ pé ẹ ò ní lò ó láé, ẹ má sì dá a dúró lójijì fúnra yín.

Àwọn tó ń bá wọn gbé

Ẹ̀yin tó wà nílé, "fara balẹ̀" ò tíì mú kẹ́nikẹ́ni fara balẹ̀ rí. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí: "mo rí i pé ó dùn ẹ́ gan-an, tó bá jẹ́ èmi náà ni ó máa dùn mí." Kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà pé ó dáa bó ṣe fọ́ abọ́. Ìmọ̀lára lẹ gbà, ẹ ò gba ìwà. Ọ̀rọ̀ abọ́ á dọjọ́ kejì, nígbà tí ara bá ti balẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì máa ṣà á.

Tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tó ń gé ara ẹ̀, ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara ẹ̀, ìbéèrè yẹn ò ní fi èrò náà sí i lórí. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti nǹkan mímú kúrò nítòsí, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tàbí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan

Ó máa tún ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ bẹ ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀, kó ṣe kúkúrú: ohun tí mo ṣe rèé, kò dáa, ohun tí mo máa ṣe nígbà míì rèé. Ẹ má fi "àmọ́ ìwọ náà" parí ẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀bẹ̀ títí ẹni yẹn á tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í tù yín nínú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ padà wo ìwé yín: ṣé iye ìgbà ló dín kù, ṣé gíga ẹ̀ ló dín kù, àbí ó ń tètè wálẹ̀? Ó lè jẹ́ pé iye ìgbà ò tíì yí padà rárá àmọ́ tó ti ń fi ìṣẹ́jú 40 wálẹ̀ dípò ọjọ́ méjì, iṣẹ́ ti ń lọ nìyẹn. Tó bá sì wá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ má lọ sí tẹ́rápì mọ́, pàápàá lẹ́yìn ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ le, ẹ má kàn pa fóònù. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ má wá.